Àbúrò Mi, Ewé Ni Kí O Rà, Má Ra Òdòdó

Àbúrò mi, kí o tó fa owó yọ nínú báàgì níwájú àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kò ní sọ fún ọ. Èyí tó pupa fòò láàárín ewé yẹn, tó ń dán bíi pé wọ́n kùn ún lọ́dà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa yọ bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀. Bí o bá gbé e délé, pupa náà á pẹ́ lójú, ó lè tó oṣù mẹ́ta, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, igi tó gbé e dúró á gbẹ, ewé á sì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé o kò mọ̀ ọ́n tọ́jú, kì í sì í ṣe pé ẹnìkan fi ojú burúkú wò ó. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Mo tètè ń sọ ọ́ nítorí mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí láàárín àwa obìnrin. A ó ra òdòdó olówó ńlá sí pálọ̀, a ó gbé àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp, tó bá wá kú, a ó ní ọwọ́ wa kò dára fún òdòdó. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ rẹ dára. Ìwà ohun tí o rà ni o kò mọ̀.

Bromeliad ni orúkọ ìdílé wọn, ọ̀pẹ̀yìnbó tí à ń jẹ sì ni ọmọ ìdílé náà tí gbogbo ayé mọ̀ jù. Nígbà mìíràn tí o bá dé ọjà, wo orí ọ̀pẹ̀yìnbó dáadáa, bí ewé rẹ̀ ṣe tò yípo, tí gbogbo wọn ń ti ojú kan náà jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn yòókù ṣe rí. Irú wọn lé ní 3,000, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Gúúsù sì ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, àfi ẹyọ kan péré. Ẹyọ kan yẹn, Pitcairnia feliciana, orí àpáta ilẹ̀ Gíní ló ń gbé, níbí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi kankan ló gbé e wá; irúgbìn rẹ̀ ló dá sọdá òkun kí ẹnikẹ́ni tó mọ ọkọ̀ ọ́n kàn. Òun kọ́ ni wọ́n ń tà lẹ́bàá títì o, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn pé a ní ẹnìkan nínú ẹbí náà.

Nínú igbó Bràsíìlì, orí igi gíga ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Wọn kì í ṣe àfòmọ́. Àfòmọ́ a máa fa oúnjẹ lára igi tó bá gùn, ṣùgbọ́n ńṣe ni àwọn wọ̀nyí kàn jókòó jẹ́ẹ́, gbòǹgbò wọn kò sì ju ohun tí wọ́n fi di igi mú lọ. Omi òjò tó bá ro sí àárín ewé wọn ni wọ́n ń mu. Ewé gbígbẹ àti òkú kòkòrò tó bá jábọ́ sínú omi náà, tó sì jẹrà síbẹ̀, ni oúnjẹ wọn. Fi èyí sọ́kàn, torí pé gbogbo ìtọ́jú tí mo fẹ́ kọ́ ọ, inú igbó yẹn ló ti wá.

O ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìwà tí bromeliad ń hù gan-an nìyẹn. Kí ìyá tó gbẹ tán, á ti ta èhù méjì tàbí mẹ́ta sí ìdí ara rẹ̀, àwọn yẹn ló máa dàgbà, tí wọ́n á yọ òdòdó tiwọn. Ẹni tó mọ èyí, owó ẹyọ kan ló san, á sì ní òdòdó nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí kò mọ̀ á gbé ìyá tòun tọmọ dà sórí ààtàn.

Nítorí náà, tí o bá dé ọ̀dọ̀ olódòdó, má jẹ́ kí pupa gbà ọ́ lójú. Ewé ni kí o wò, kí o sì fi ọwọ́ kàn án.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni Guzmania. Ewé rẹ̀ rọ̀, ó fẹ́lẹ́, ó tutù minimini, kò ní ẹ̀gún rárá. Òun ló ń yọ ìràwọ̀ pupa, aláwọ̀ ọsàn tàbí aláwọ̀ ìyeyè lókè. Ohun tí o ń pè ní òdòdó yẹn gan-an, ewé ni. Òdòdó gidi rẹ̀ kékeré ni, inú ìràwọ̀ náà ló máa ń fara pamọ́ sí. Vriesea jọ ọ́ ní ti ewé, àmọ́ tirẹ̀ ń yọ pẹlẹbẹ sókè bí idà. Aechmea fasciata ni tèmi, mi ò lè parọ́ fún ọ. Ewé rẹ̀ le, ó ní ẹ̀gún létí, ẹfun-ẹfun aláwọ̀ fàdákà kan sì wà lára rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Nígbà tó bá yọ, orí rẹ̀ á dà bí àwọ̀ rósì, òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró á wá máa yọjú láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ẹ̀gún rẹ̀ kò sì mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, Neoregelia ni kí ó rà. Kò ga, ńṣe ló ń tẹ́ rẹrẹ. Ara ewé gan-an ni ẹwà rẹ̀ wà, nítorí náà kò sí òdòdó tí o ń ṣọ́ pé ìgbà wo ni yóò rẹ̀. Tó bá ku díẹ̀ kó tanná, ewé àárín rẹ̀ á pọ́n, àwọn òdòdó bíńtín á yọ orí jáde láti inú omi tó wà láàárín, pupa ewé náà á sì wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Billbergia nutans náà ń bẹ fún ẹni tí kò ráyè. Òdòdó rẹ̀ kì í pẹ́, bóyá ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àmọ́ kò mọ ìyà, bó sì ṣe ń bímọ, láìpẹ́ wàá máa pín in fún aládùúgbò.

Àṣírí kan rèé, má jẹ́ kí olódòdó mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún ọ. Lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀ wọn, níbi tí wọ́n kó àwọn tí òdòdó wọn ti rẹ̀ sí. Wo ìdí wọn. Bí o bá rí èyí tó ti ní ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, béèrè iye rẹ̀. Lójú olódòdó, ó ti bàjẹ́, á ta á fún ọ ní pọ́ọ́kú. Ìwọ mọ̀ pé òdòdó méjì tàbí mẹ́ta lo gbé lọ sílé yẹn.

Tó bá jẹ́ pé èyí tó ní òdòdó lórí lo fẹ́ rà ní tòótọ́, bí àpẹẹrẹ fún ìyàwó tí ẹ fẹ́ gbé ẹ̀bùn fún, mú èyí tí òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, má mú èyí tó ti là tán. Di ìdí rẹ̀ mú, kí o mì í díẹ̀. Bó bá ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀ nínú ìkòkò, ó ti ń jẹrà nísàlẹ̀. Gbóòórùn àárín rẹ̀ pẹ̀lú. Omi tó bá ń rùn bí ẹja, fi í sílẹ̀. Ṣóńṣó ewé tó gbẹ díẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn, o lè fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ ẹ.

Tí a bá wá délé, ibo la máa gbé e sí? Ọwọ́ tí o fi kan ewé yẹn ti dáhùn. Èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì tutù, bíi Guzmania àti Vriesea, abẹ́ igi ló ti ń gbé nínú igbó, kò fẹ́ kí oòrùn bá a tààrà. Èyí tó le, tó ní ẹ̀gún tàbí ẹfun fàdákà, ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn dára fún gbogbo wọn, torí pé oòrùn àárọ̀ kì í jó ewé. Bákónì tó kọjú sí oòrùn ọ̀sán ní Èkó, má dán an wò, ewé á funfun lójú kan, ojú ibẹ̀ á wá gbẹ bí ibi tí iná jó. Bí ewé bá sì ń gùn gbọọrọ, tó ń rọ̀ wọ̀ọ̀, tí Neoregelia tó pupa tẹ́lẹ̀ wá di aláwọ̀ ewé lásán, òkùnkùn ibẹ̀ ti pọ̀ jù, sún un sí ẹ̀bá fèrèsé.

Má gbé e síwájú ẹ̀rọ amúlétutù. Atẹ́gùn gbígbẹ ni wọn kò fẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni nígbà ọyẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú, wọ́n omi fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ sí wọn lára.

Ọ̀rọ̀ omi ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú wọn, fetí sílẹ̀. Àárín ewé tó kóra jọ bí ife yẹn ni ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o máa bu omi sí, kì í ṣe inú iyẹ̀pẹ̀ nìkan. Iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kó ṣáà máa tutù díẹ̀ ni, kó má ṣe rin gbindingbindin, torí pé gbòǹgbò tó wà nínú omi á jẹrà. Omi òjò ló dára jù fún un. Bí omi bóòhóòlù yín bá jẹ́ irú èyí tó ń fi ẹfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, irú ẹfun yẹn náà ló máa lẹ̀ mọ́ ewé, kò sì ní tètè lọ. Gbé bàsíà síta nígbà òjò, kí o pọn ọ́n pamọ́. Omi ọ̀fẹ́ ni.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ báyìí: omi tó dúró lójú kan nínú ilé, ẹ̀fọn ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín gbá a dànù. Ní Trinidad, orí àwọn igi tí wọ́n gbìn láti ṣíji bo kòkó ni bromeliad kún sí. Ẹ̀fọn kan tí wọ́n ń pè ní Anopheles bellator a máa yé sínú omi àárín ewé wọn, ibà sì ń dá àwọn ará oko gúnlẹ̀. Láàárín ọdún 1940 sí 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fín kọ́pà sọ́féètì, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ kòkó tiwa náà mọ̀ dáadáa, sórí àwọn igi náà, kí bromeliad lè kú kí ẹ̀fọn má ríbi yé sí. Àwọn bromeliad náà sì kú lóòótọ́. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún ọ. Àkọ́kọ́, má jẹ́ kí ohunkóhun tó ní kọ́pà nínú kan òdòdó rẹ, ì báà jẹ́ oògùn oko tàbí omi tó dúró nínú abọ́ bàbà.

Èkejì ni pé kí o máa da omi àárín ewé rẹ̀ nù. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ládùúgbò wa, omi ilẹ̀ tí oòrùn ń pa ló fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n Aedes aegypti, aláwọ̀ dúdú tó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀, tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, inú ohun kékeré tó bá gba omi dúró ló ń wá. Ní Miami wọ́n ti rí tanwíji rẹ̀ nínú bromeliad tí àwọn ènìyàn gbìn síwájú ilé. Tanwíji máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di ẹ̀fọn tó ń fò, nítorí náà, má jẹ́ kí omi kan náà pé ọ̀sẹ̀ kan nínú ife yẹn. Mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, bóyá Sátidé tí ẹ ń gbálẹ̀. Gbé ìkòkò náà síta, da orí rẹ̀ kodò kí omi dà nù, fi omi tó ń tú pẹ̀lú agbára ṣan àárín rẹ̀ torí ẹyin ẹ̀fọn a máa lẹ̀ mọ́ ara ewé, kí o wá bu omi tuntun sí i. Má da kẹrosínì sí i o! Mo mọ àwọn ìyá tó ń fi kẹrosínì sí omi tó dúró. Òdòdó náà ló máa kọ́kọ́ kú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ òróró rí. Bromeliad ń fi awọ ewé mu omi, nítorí náà ohunkóhun tó bá dí awọ náà ń pa á ní òǹgbẹ. Má fi òróró nù ún kó lè dán, má fi vaselínì nù ún, má sì ra oògùn adánwé tí wọ́n ń tà. Ẹfun fàdákà ara Aechmea pàápàá, bí o bá nù ún kúrò, kò ní padà mọ́. Aṣọ tó rin díẹ̀ ti tó fún eruku lára àwọn tí kò ní ẹfun. Bí o bá rí kòkòrò funfun tó rí bí òwú ní ìdí ewé, fi òwú tòótọ́ bọ sípíríìtì, kí o fi nù ún kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìkòkò kékeré ni kí o lò, gbòǹgbò wọn kò pọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé nìkan á wúwo jù fún wọn. Po èédú fífọ́, irun ara àgbọn àti èèpo èkùrọ́ pọ̀ mọ́ ọn, kí omi lè máa ráyè kọjá. Ìkòkò amọ̀ dára ju ti ike lọ, nítorí pé orí àwọn òdòdó yìí wúwo ju ìdí lọ, wọ́n sì máa ń ṣubú bí ìkòkò bá fúyẹ́. Má rì wọ́n jìn, kí iyẹ̀pẹ̀ má kọjá ibi tí ewé ti bẹ̀rẹ̀. Ajílẹ̀ ńkọ́? Díẹ̀ ṣíún, kí o fi omi là á ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí lọ, nígbà òjò nìkan. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù, àwọ̀ Neoregelia á parẹ́.

Tillandsia nìkan ni òfin rẹ̀ yàtọ̀, àwọn kékeré tí kò nílò iyẹ̀pẹ̀ rárá, tí wọ́n máa ń so mọ́ pákó tàbí ìkarahun. Rì í sínú abọ́ omi fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn náà, gbọn ọ́n, kí o da orí rẹ̀ kodò títí yóò fi gbẹ. Bí omi bá dúró sí àárín tirẹ̀, á jẹrà ni. Àwọn kan máa ń kùn ún lọ́dà pupa tàbí ti aró kí wọ́n tó tà á. Irú rẹ̀, má rà.

Wo bí ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ìyá bá ti ta èhù, má kánjú yà wọ́n. Jẹ́ kí ọmọ ga tó ìdá mẹ́ta ìyá, bó bá tó ìdajì, ó dára jù. Ìyá tí ewé rẹ̀ ń rọ yẹn ṣì ń fún un ní oúnjẹ, nítorí náà má gé ewé tútù kúrò lára rẹ̀ torí pé kò rẹwà mọ́. Tó bá tó àkókò, fi ọ̀bẹ mímú gé ọmọ náà súnmọ́ ara ìyá, má fà á tu. Jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ di ọjọ́ kejì, gbìn ín sínú ìkòkò kékeré, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbè é kó má ṣubú, kí o sì bu omi sí ife tirẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ yà wọ́n, gé ìyá kúrò nígbà tó bá gbẹ tán, kí àwọn ọmọ kún ìkòkò. Èyí tilẹ̀ wù mí jù, torí pé wọ́n á jọ yọ lọ́jọ́ kan.

Roberto Burle Marx, ará Bràsíìlì tó máa ń ṣe ọgbà nígbà ayé rẹ̀, mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Kì í gbin ẹyọ kan síbí ẹyọ kan sọ́hùn-ún. Irú kan náà ló ń kó jọ rẹpẹtẹ. UNESCO fi ọgbà rẹ̀ tó wà lẹ́bàá Rio de Janeiro sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2021. Wá àwòrán rẹ̀ wò kí o tó tún pálọ̀ rẹ tò.

Ọmọ Guzmania lè lo ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó yọ òdòdó. Bó bá ti dàgbà tán tó ń fi ọ́ ṣeré, ọgbọ́n kan wà. Da omi inú ife rẹ̀ nù, gbé òun àti èso ápù kan tó pọ́n dáadáa sínú ọ̀rá ńlá, so ó lẹ́nu, kí o gbé e síbi tí oòrùn kò sí fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n náà á ṣe é. Èso tó pọ́n ń tú atẹ́gùn kan tí wọ́n ń pè ní ethylene sílẹ̀, òun ló ń pàṣẹ fún bromeliad pé kó tanná. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 14, wàá rí i tó ń yọ. Èéfín náà ní atẹ́gùn yìí nínú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbin ọ̀pẹ̀yìnbó nínú ilé onígíláàsì ní erékùṣù Azores fi máa ń fi èéfín kún ilé náà, kí gbogbo wọn lè yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Má ṣe é fún ọmọ tí kò tíì gbó o, torí pé lẹ́yìn tó bá tanná, ikú ló kù.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà ní London, tẹ́ ẹ ń ra Guzmania ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e jìnnà sí irin tó ń mú ilé gbóná, kẹ́ ẹ sì dín omi inú ife kù nígbà òtútù. Omi ẹ̀rọ London ní ẹfun púpọ̀, ẹ gbé abọ́ síta. Òjò kì í wọ́n yín lọ́hùn-ún.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé bromeliad ń fọ afẹ́fẹ́ yàrá mọ́ lóru. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣí ihò ewé wọn lálẹ́ dípò ọ̀sán, kí omi ara wọn má baà gbẹ, ṣùgbọ́n ìkòkò kan kò lè yí afẹ́fẹ́ yàrá padà. Ṣí fèrèsé. Ológbò àti ajá lè jẹ ewé rẹ̀ láìkú, ẹ̀gún nìkan ni kí o ṣọ́ra fún.

Bí owó kò bá tíì sí, ra ọ̀pẹ̀yìnbó ní ọjà Bódìjà tàbí ti Mile 12. Lọ́ orí rẹ̀ kúrò, bó ewé ìsàlẹ̀ dànù, jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí o wá gbìn ín sínú ìkòkò níbi tí oòrùn wà. Òun máa ń fẹ́ oòrùn ju àwọn ìbátan rẹ̀ lọ, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sì ni kí o máa bomi rin. Ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa lò nínú ìkòkò kó tó so, èso rẹ̀ kò sì ní tóbi bí ti oko. Bó bá so, fi ìdajì ránṣẹ́ sí mi, má jẹ́ kí ọkọ rẹ jẹ ẹ́ tán.